Ìṣirò

Aago márùn-ún ìdájí, mo ti gbé àpótí jókòó
sẹ́nu fèrèsé òkè, lójú ọ̀nà Mọ́níyà.
Ọyẹ́ ń jà. Mo fi gèlè àná wé ọrùn.
Ìwé ìṣirò ọmọléèwé kan wà lórí itan mi,
mo ń kọ ẹni tó kọjá, mo ń kọ ẹni tí wọ́n dá dúró.

Nísàlẹ̀, àwọn sójà ti to àgbá mẹ́ta,
igi dábùú títì, àkísà pupa ń fì létí rẹ̀.
Mùfútáù bíríkìlà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà
kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.
Ó ń tì í, ọwọ́ kan lókè;
méjèèjì kò ṣeé gbé, àbí ta ni yóò bá a di ọ̀kadà mú?
"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá,"
ó ń kí ọmọ tí kò tó àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́ orí.
Ìṣẹ́jú méje.
Sìkírátù tó ń gbálẹ̀ ní báńkì kan ní Mọ́kọ́lá
ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀.
Wọ́n fi igi tú ìrẹsì náà wò, bóyá ìbọn wà lábẹ́ ẹja.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó dé e padà, ó lọ.

Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní JP.
Lóòótọ́ ni, mo dé Jerúsálẹ́mù.
Ìjọ kó wa lọ, ogójì èèyàn, fìlà funfun kan náà.
Bẹ́tílẹ́hẹ́mù la sùn. A jí ní aago mẹ́rin
ká lè dé ìlú mímọ́ kí èrò tó pọ̀.
Ògiri ni mo kọ́kọ́ rí. Mo wá ibi tó parí sí, n kò rí i.
Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà irin tóóró kan
bí èyí tí wọ́n fi ń da màlúù wọ odò ẹran Bódìjà,
àwọn ọkùnrin Palẹsítínì sì há sínú rẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́,
sìmẹ́ńtì àná ṣì wà lára bàtà wọn.
Ọ̀kan ń sùn lóòró. Ọ̀kan ń kírun lórí páálí.
Obìnrin arúgbó kan dúró lápá kan,
ó ń wo aago, ó ń kọ̀wé.
N kò mọ ohun tó ń kọ nígbà náà.

Bọ́ọ̀sì tiwa kò tò.
Sójà kan gòkè wá, ó rí fìlà wa, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní, "Àlelúyà!"
A dáhùn. Ogójì ohùn.
Èmi náà dáhùn.
Nadímù tó ń mú wa káàkiri wo ojú fèrèsé,
ó ní, "Bàbá mi wà níbẹ̀ yẹn,"
ó tún gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó ń bá ìtàn ibojì Rákélì lọ.

Omi Jọ́dánì tí mo rà ṣì wà lórí fíríìjì.
Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ mọ́.

Lánàá, sójà kékeré kan gbójú sókè, ó rí mi,
ọmọ Tífù, Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó:
"Màmá, kí lẹ ń kọ?"
Ẹnu mi gbẹ. Mo ní, "Ìṣirò ni."
Ó ní òdo lòun máa ń gbà nínú ìṣirò,
ó sì yíjú sí ọkọ̀ tó kàn.

Ní àṣálẹ́, Mùfútáù yà sọ́dọ̀ mi, ó fara ti òpó.
"JP, ẹ bá mi rò ó. Mélòó ni tèmi
láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àgbá síbẹ̀?"
Mo ṣí ìwé, mo ń fìka kà, mo ṣì í, mo tún un kà.
Wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀.
Ó dákẹ́, ó ń fi èékánná ha sìmẹ́ńtì lára ìka.
"Wákàtí mẹ́sàn-án," ó ní, "màá ti mọ ògiri kan."

N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.
Mo bi í bóyá ó ti jẹun.